Bíṣọ́ọ̀bù Orí Ilé Dúdú

Wọ́n ti gbé òkú Bàbá Ìparí lọ láti àná, ṣùgbọ́n pátákó ayò ṣẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì bí wọ́n ṣe bá a, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ obìnrin náà kúrò lójú kan. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó yí i ká, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wo pátákó, ó wo ojú kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún padà wo pátákó.

"Ọ̀gá, ẹjọ́ yìí ti parí o," ni kọ́pùrà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wí. "Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló pa á. Ẹ̀rí wà lápò ẹ̀wù rẹ̀."

"Ẹ má bínú," ni obìnrin náà dáhùn, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí ní àgọ́ ọlọ́pàá wọn. Ẹ-má-bínú ni wọ́n ń pe obìnrin náà lẹ́yìn, torí kò sí ìbéèrè burúkú tó fẹ́ bi èèyàn tí kò ní kọ́kọ́ bẹ ẹni náà pé kó má bínú. Ó ti fi ẹ̀bẹ̀ yẹn ba ayé ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Òun náà mọ̀ pé òun ò láàánú lójú, kò sì dùn ún rárá.

Iṣẹ́ Bàbá Ìparí kò wọ́pọ̀. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ló máa ń fi ètò wọn ránṣẹ́ sí i kó bá wọn dán an wò. Kì í jẹ́ kí ètò náà ta eré láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìparí eré nìkan ló máa ń gbé ka iwájú rẹ̀: ọba méjì, sójà kan, bóyá ohun kan kún un, kí ètò náà wá sọ ẹni tó máa borí àti ọ̀nà tó máa gbà borí. Ó sì máa ń há èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè borí sáàárín wọn, tó jẹ́ pé ọ̀mì ni ìdáhùn rẹ̀. Ètò tó bá ń ṣakọ níbẹ̀ pé òun ń borí, òdo ló máa gbà. Bàbá á wá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e, á sì fi ẹni tó kọ ètò náà ṣe yẹ̀yẹ́ kiri.

Òdo ni ètò tí ọkọ ọmọ rẹ̀ kọ gbà lọ́sàn-án àná. Aṣètò ni gbogbo ilé ń pe ọkùnrin náà. Òun àti Bàbá tahùn síra wọn débi pé àwọn ará ìta dúró gbọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá, ìyàwó Bàbá, kígbe ta: ọkọ òun ti kú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ìdánwò tó ti ń dán ètò wò, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn látìta. Ikọ́ fée ló pa á. Ìke ògùn tó máa ń fín sọ́fun nígbàkúùgbà tí ikọ́ náà bá dé kò sí nítòsí rẹ̀. Àpò ẹ̀wù Aṣètò ni ọlọ́pàá ti bá a.

"Ọ̀gá wa ní àárọ̀ ọ̀la la máa gbé e lọ sílé ẹjọ́," ni kọ́pùrà tún sọ.

"Ìka ọwọ́ ta ni wọ́n bá lára ìke ògùn yẹn?"

"Kò sí, mà. Ó ti nù ún."

"Ó nù ún mọ́ tónítóní kí wọ́n má baà mọ̀ pé òun fọwọ́ kàn án, ó wá fi í sápò ara rẹ̀, ó gbé e relé lọ tọ́jú de ìwọ." Obìnrin náà nàró. "Ẹ má bínú o, kọ́pùrà. Ṣé ìwọ náà máa ń ronú nígbà míì?"

Ọmọ Bàbá Ìparí, ìyàwó Aṣètò, ti ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀. Bó ṣe rí Ẹ-má-bínú tó ń jáde ló wólẹ̀ sórí orúnkún méjèèjì.

"Ẹ bá mi gba ọkọ mi sílẹ̀, mà. Ẹ ṣàánú mi. Mo ti pàdánù bàbá mi. Tí wọ́n bá gbé òun náà lọ lọ́la, ó ti tán fún mi nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló wà nílé tó ń bi mí pé bàbá òun dà."

"Ẹ dìde, ilẹ̀ tútù. Ta ló ń to nǹkan sórí pátákó tó wà nínú lọ́hùn-ún?"

Ìbéèrè náà bá obìnrin náà lójijì. Ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bàbá mi nìkan ni. Wọ́n máa ń fọwọ́ ara wọn to ó sórí pátákó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní èyí tí ọwọ́ àwọn ò bá kàn, ojú lásán làwọn fi ń wò ó."

"Ṣé ohun tó wà lórí pátákó lè yàtọ̀ sí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà?"

"Láéláé. Bíi kí wọ́n wọ bàtà òdìkejì ni."

Ẹ-má-bínú mi orí. Ó ti rí i fúnra rẹ̀ pé wọ́n yàtọ̀, kò kàn tíì fẹ́ sọ ni.

*

Wọ́n ti gba ìgbànú àti okùn bàtà Aṣètò ní àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n wọn ò rí ìgbéraga gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí wọ́n gbàgbé láti fún ní tíì.

"Ẹ má bínú," ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ pa á?"

"Mi ò pa á. Ó ti ń wù mí kí n pa á tipẹ́, mi ò kàn ráyè ni."

"Kí ló wà lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Ohun tó fi wọ́ mi nílẹ̀ náà ni. Ọba dúdú ti sá wọ igun. Funfun ní ọba, ó ní bíṣọ́ọ̀bù kan, ó ní sójà kan tó fẹ́ dé igun yẹn gan-an kó lè di ayaba. Ètò mi ní funfun ń borí. Ó ní ètò mi àti èmi, òpè kan náà ni wá."

"Kí ló dé tí funfun ò fi ní borí? Òun ló ṣáà lóhun tó pọ̀ jù."

Aṣètò pòṣé. "Ilé dúdú àti ilé funfun ló wà lójú pátákó; dúdú ni ti igun yẹn, mà. Orí ilé funfun ni bíṣọ́ọ̀bù yẹn wà. Bíṣọ́ọ̀bù kì í rìn tààrà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń rìn, nítorí náà èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí ilé funfun, ilé funfun ló máa tẹ̀ títí eré á fi tán. Kò lè lé ọba kúrò ní igun dúdú. Ọ̀mì ni. Ká ní orí ilé dúdú ló wà ni, ọmọ kékeré á borí."

"Bí mo bá ní kí ẹ to ìparí eré yẹn láti orí yín nísinsìnyí, ṣé ẹ lè ṣi bíṣọ́ọ̀bù náà gbé?"

"Mà, ṣé ẹ lè ti ibi iṣẹ́ dé kí ẹ ṣèèṣì lọ sùn sílé aládùúgbò?"

"Ẹ̀wù yín ńkọ́?"

"Ìbínú ò jẹ́ kí n rántí rẹ̀. Ara ìṣó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo fi í kọ́ sí. Mo yà mú un nírọ̀lẹ́, kó tó di pé wọ́n ń kígbe. Ta ló ń yẹ àpò ẹ̀wù ara rẹ̀ wò?"

Ẹ-má-bínú ti ń lọ nígbà tí ọkùnrin náà pè é padà. Obìnrin náà rò pé ó fẹ́ béèrè ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀.

"Níwọ̀n ìgbà tó ti kú báyìí, mà, ṣé òdo tó fún ètò mi ṣì máa dúró bẹ́ẹ̀?"

Obìnrin náà wò ó títí. Ká ní ọwọ́ òun nìkan ni ọ̀rọ̀ wà ni, ì bá fi í síbẹ̀ kó máa bá ẹ̀fọn ṣeré fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ó ṣeni láàánú pé kì í ṣe ọkùnrin náà ló pa Bàbá.

*

Nígbà tó padà dé ilé Bàbá Ìparí, kò wọ yàrá ìdánwò. Ó dúró níta rẹ̀. Dígí gbọọrọ kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, téèyàn fi lè dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo inú. Lábẹ́ dígí náà, ní apá ìta, wọ́n kan pẹpẹ kékeré kan mọ́ ògiri. Kò fẹ̀ ju kó gba abọ́ kan lọ. Obìnrin náà fìka kàn án. Ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa.

"Kí ni wọ́n ń lo èyí fún?" ló bi ọmọ Bàbá.

Ọmọbìnrin náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kì í ṣe nǹkan kan, mà."

"Ẹ má bínú, ọkọ yín máa lọ sílé ẹjọ́ lọ́la. Ẹ fẹ́ kó lọ àbí ẹ ò fẹ́ kó lọ?"

"Oúnjẹ mi ni wọ́n máa ń gbé síbẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá. "Nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá mi á to ìparí eré kalẹ̀ fún mi, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á gbé oúnjẹ mi síbi tí màá ti máa rí i. Tí mo bá rí ọ̀nà tí funfun á fi borí, màá kan dígí, màá sọ ọ́, màá jẹun."

"Èyí tí kò lọ́nà ńkọ́?"

"Èèyàn á kan dígí, á ní, 'Kò sí.' Wọn ò sọ fún mi pé èèyàn lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó ti ọ̀kan láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Màmá mi ń wò mí láti ibi tí ẹ dúró sí yìí. Wọ́n kúnlẹ̀ bẹ Bàbá. Bàbá ní ṣebí kọ̀ǹpútà kì í jẹun, ó sì ń dáhùn. Ìgbà tó yá ni mo sunkún pé kò sí, kò sí, mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá ní, 'O gbà á!' Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi."

"Ìparí eré wo nìyẹn?"

"Èyí tí wọ́n fún ètò ọkọ mi náà ni. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀."

"Ta ló wá kun pẹpẹ yìí lọ́dà tuntun?"

Ó ti ń sunkún báyìí. "Ọkọ mi ni. Ó ní kó tún dùn ún wò fún ọmọ wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìsinmi ilé ìwé ni Bàbá ti ń mú un wọnú ibẹ̀. Ọkọ mi ní ó máa jẹ́ kí orí ọmọ náà pé."

Inú bí Ẹ-má-bínú, ó sì yà á lẹ́nu pé inú lè bí òun sí òkú. Ṣùgbọ́n kò fi hàn. Ó ní, "Ẹ lọ pe Màmá wá. Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ nínú yàrá."

Kọ́pùrà súnmọ́ ọn. "Ọ̀gá, kò yé mi o."

"Wo pátákó yẹn. Sójà ti dé igun, ó ti di ayaba, ọba dúdú kò ríbi sá sí. Funfun ti borí. Orí ilé wo ni bíṣọ́ọ̀bù wà?"

"Ilé dúdú, mà."

"Lójú kọ̀ǹpútà ńkọ́?"

"Funfun." Kọ́pùrà họ orí. "Wọ́n ti sún un kúrò nìyẹn."

"Kò sí bí wọ́n ṣe lè sún un láti funfun dé dúdú. Nítorí náà, lẹ́yìn tí Bàbá ti tẹ tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹlòmíì wá to ìparí eré kan náà sórí pátákó, ó sì ṣi bíṣọ́ọ̀bù gbé. Ẹni tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lè gbàgbé gbogbo èyí tó kù, kò lè gbàgbé ìyẹn. Aṣètò kọ́. Ọmọ Bàbá kọ́. Ẹni tí kò mọ eré náà rárá ni, ṣùgbọ́n tó ti wò ó títí tó fi há a lórí."

"Ta ló wá ta á dé ibi tí funfun ti borí?"

"Òkú ni. Ẹni tó tì í mọ́bẹ̀ ló ní kó dáhùn kó tó gba ògùn." Obìnrin náà wọnú yàrá, ó kó gbogbo ọmọ eré kúrò lórí pátákó. "Dúró sẹ́nu ọ̀nà. Má sọ̀rọ̀."

*

Màmá wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tútù, ó ti ń fọ abọ́. Obìnrin kékeré ni, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó sì dúró ti ògiri. Kò wo ilẹ̀ ibi tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò ní dá yín dúró pẹ́. Ọmọ yín ló fẹ́ fi ohun kan hàn mí." Ẹ-má-bínú kó ọmọ eré lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. "Ẹ bá mi to èyí tó fi ebi pa yín lọ́jọ́ náà."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè ṣe é."

"Ẹ má bínú. Ẹ tò ó."

Ó gbé ọba dúdú lélẹ̀, ó gbé ọba funfun lé, ó gbé sójà. Bíṣọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un nílẹ̀, ó gbé e sórí ilé funfun, ó bú sẹ́kún.

"Kì í ṣe ibẹ̀ nìyẹn wà," ni Màmá wí.

Ó ti kúrò lára ògiri. Ó na ọwọ́ tútù rẹ̀, ó sì sún bíṣọ́ọ̀bù náà sórí ilé tó tẹ̀ lé e.

"Ibí ló wà. O ti gbàgbé ni, ọmọ mi. Ìwọ ń sunkún lọ́jọ́ náà, o ò rí nǹkan kan. Èmi ni mo dúró wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣé màá gbàgbé ni?"

Orí ilé dúdú ni bíṣọ́ọ̀bù dúró sí. Ọmọ rẹ̀ wò ó, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún wo ìyá rẹ̀, ẹkún sì dá lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe tò ó fún ọkọ yín?"

Màmá wo bíṣọ́ọ̀bù, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì nu ọwọ́ sára aṣọ bí ẹni tí iṣẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó bá àna mi jà tán, ikọ́ gbé e, ó lọ mu omi. Mo mú ògùn rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Mo to èyí kalẹ̀ fún un. Bó ṣe wọlé wá mú ògùn, mo yí kọ́kọ́rọ́. Mo gbé ògùn náà sórí pẹpẹ níta, níbi tó ti lè rí i dáadáa."

"Màmá," ni ọmọ rẹ̀ wí, "ẹ dákẹ́. Ẹ má sọ ọ́ mọ́."

"Mo ní kó dáhùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Kó ní kò sí, màá ṣílẹ̀kùn. Mo fi ọmọ mi búra, màá ṣí i. Ó kàn ń sún wọn kiri, ó ń gbá dígí, ó ń pariwo ilé yìí, ilé yẹn, mo ti borí, mo ti borí. Mo ní ìgbéraga rẹ ló máa pa ọ́. Ó pa á."

"Ẹ wá fi ògùn sápò ẹ̀wù Aṣètò."

"Ṣé kí ọ̀kan lọ kí ìkejì wà nílẹ̀ ni? Ta ló kun pẹpẹ yẹn?"

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ míì ì bá pe kọ́pùrà, ì bá jẹ́ kí ìyá arúgbó máa lọ pẹ̀lú èyí tó gbà gbọ́. Ẹ-má-bínú kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ rí ojú rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́.

"Ó dáhùn, Màmá. Ẹ ṣi bíṣọ́ọ̀bù gbé. Níbi tí ẹ gbé e sí yìí, ọ̀nà wà, funfun ń borí. Ó rí i láàárín ikọ́, ó ta á dé òpin, ó ń sọ ọ́ fún yín. Ìdáhùn tó tọ̀nà ló ń pariwo tó fi kú."

Màmá béèrè pé, "Ó mọ̀ pé òun gbà á?"

"Ó mọ̀ dájú."

"Ó gbà á, ó sì ń wo ògùn, mi ò sì ṣílẹ̀kùn fún un." Ó ń rò ó bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín kan yọ lójú rẹ̀ gbígbẹ. "Ìyẹn tiẹ̀ dáa ju èyí tí mo fẹ́ lọ."

Ẹ-má-bínú ló kọ́kọ́ gbójú kúrò. Ó ké sí kọ́pùrà.

Màmá kò jà. Ó ní kí ọmọ òun parí abọ́ tó kù, ó sì bá kọ́pùrà jáde. Ọmọ rẹ̀ dúró láàárín yàrá títí wọ́n fi gbọ́ ìró ilẹ̀kùn mọ́tò níta.

"Kí Màmá tó wọlé ni mo ti tẹ̀ wọ́n láago kí wọ́n mú ọkọ yín wá," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ sọ fún un. "Ó ti bọ́. Ohun tí ẹ bẹ̀ mí fún nìyẹn."

"Wọ́n ti gbà pé ọkọ mi ló pa Bàbá, àbí?"

"Àná nìyẹn."

Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbóná, ó sì le. "Ọ̀gá yín gbà pé ọkọ mi ni. Kọ́pùrà yín gbà. Ògùn wà lápò rẹ̀. Èmi náà máa jẹ́rìí pé mo gbọ́ nígbà tó ní òun máa pa Bàbá mi. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ fi í síbẹ̀, ẹ dá Màmá mi padà fún mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ lọ́la."

Láti ìgbà tí ọmọbìnrin náà ti ya ẹnu ni Ẹ-má-bínú ti rí ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà; ì bá wúkọ́, ì bá ṣẹ́jú sí i kó mọ̀, kò ṣe ọ̀kankan. Aṣètò ló dúró níbẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò rẹ̀ mú kó má baà já bọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.